Owó Tí Kò Ná Mọ́

Bí ènìyàn bá sọ fún yín pé òun ń kó owó jọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni pé olówó ni, tàbí pé ahun ni. Èmi ń kó owó jọ, n kò sì sí nínú ìran méjèèjì. Owó tí mò ń kó jọ, bí ẹ bá gbé e lọ sí ọjà Bódìjà tàbí Balógun, ẹ kò lè fi ra àlùbọ́sà kan ṣoṣo. Owó bébà àtijọ́ ni: ti ayé pọ́n-ùn àti ṣílè, àti ti náírà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá owó tó ń ná kiri, èmi ń wá èyí tí kò ná mọ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi wo àwọn bébà wọ̀nyí dáadáa, nítorí ìtàn ilẹ̀ wa wà lára wọn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé.

Kí òyìnbó tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Ẹyọ 2,000 ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù gidi sì ni lórí alárù. Nígbà tí owó òyìnbó dé, àwọn ènìyàn wa kò ju orúkọ àtijọ́ nù. Sísì ni wọ́n fi ṣe ẹgbàá, ṣílè márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ọ̀kẹ́ kan. Owó ẹyọ wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ ẹ́, òjò kì í sì í bà á jẹ́. Ṣílè fàdákà tó tẹ̀lé e náà, bí ilé bá jó, ẹ óò rí i ṣà nínú eérú. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ lè mọ ìdí tí ojú fi là gbòò nígbà tí bébà dé.

Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, West African Currency Board lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana, Sàró àti Gambia. Owó onírin ni ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, fàdákà di ohun àwárí, ni wọ́n bá tẹ owó bébà jáde ní 1916: ti ṣílè méjì, ti ṣílè mẹ́wàá àti ti ogún ṣílè. Ní 1918 wọ́n fi ti ṣílè kan kún un. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Waterlow & Sons ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ wọ́n.

Háà, àwọn ènìyàn wa kò gbà! Ẹ fi ara yín sí ipò àgbẹ̀ tó gbin kòkó, tó sá a, tó rù ú dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò òyìnbó, tí wọ́n wá fa bébà lé e lọ́wọ́. Níbo ni yóò fi í sí? Ṣé abẹ́ ẹní ni, níbi tí ikán wà? Ṣé inú àpò ṣòkòtò ni, kí òjò lè pa á? Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ẹ bá mú bébà ṣílè mẹ́wàá dé ọjà, iye tí wọ́n máa gbà á kò tó ṣílè fàdákà mẹ́wàá. Nígbà tó di 1920, ìjọba rọ owó onírin mìíràn tí kò ní fàdákà nínú: ti tọ́rọ́, ti sísì, ti ṣílè kan àti ti ṣílè méjì. Bébà kéékèèké ti ṣílè kan àti méjì sì pòórá ní ọjà. Àwọn tó kù nínú wọn lónìí, bí ẹ bá mú un dání, ẹ ó rí i pé bébà lásán ló jọ. N kò dá àwọn baba wa lẹ́bi rárá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tẹ owó, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń wò lára rẹ̀. Bébà owó tó dára kì í ṣe bébà ìwé. Òwú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè ya bí ẹ bá fọ ṣòkòtò tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń ṣe bébà náà lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń fi àwòrán pamọ́ sínú rẹ̀, àwòrán tí ẹ kò lè rí àfi bí ẹ bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn wá. Oníṣẹ́ ọnà kan á wá fi irin mímú gbẹ́ àwòrán owó náà sínú àwo irin, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, fún oṣù àti oṣù. Wọ́n á fi tàdáwà kún inú àwọn ìlà náà, wọ́n á nu ojú àwo náà mọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ bébà mọ́ ọn pẹ̀lú agbára ńlá. Bébà náà á fa tàdáwà jáde láti inú ìlà. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ara owó tuntun fi máa ń yọ gún-ún-gùn-ùn bí ẹ bá fi ìka pa á. Afọ́jú ọlọ́jà máa ń mọ owó gidi yàtọ̀; ìka rẹ̀ ló ń kàwé.

Ṣùgbọ́n ṣé bébà àti tàdáwà nìkan ló ń sọ owó di owó? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ Waterlow yìí kan náà. Ọkùnrin ará Potogí kan, Artur Alves dos Reis, ló ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ, ó ní Báńkì ilẹ̀ Potogí ló rán òun pé kí wọ́n tẹ owó fún ìlò ní Angola. Waterlow gbà á gbọ́. Wọ́n fi àwo irin gidi àti bébà gidi tẹ owó 500 escudo fún un, ọ̀kẹ́ àìmọye. Ní oṣù kejìlá ọdún 1925 ni àṣírí tú ní ìlú Porto. Kò sí ẹni tó lè fi ojú ya owó náà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìjọba, nítorí ọwọ́ kan náà ló tẹ méjèèjì. Báńkì náà ní láti kó gbogbo owó irú bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìgboro, kó sì san òmíràn dípò. Ẹjọ́ wọn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1932, wọ́n sì ní kí Waterlow san £610,392. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bébà gidi, tàdáwà gidi, ẹ̀rọ gidi lè para pọ̀ kó má di owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó láṣẹ ló ń sọ ọ́ di owó. Ẹnu náà ló sì lè pa á.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu yẹn wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún tó lé ní ogójì. Bí owó kan bá jáde fún ìlò wa níbí, ìgbìmọ̀ náà á tọ́jú ohun tó tó o sí ìlú Òyìnbó. Nígbà tí àwọn olóṣèlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a ní báńkì àpapọ̀ tiwa, wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni J. L. Fisher láti Bank of England wá wò ó, ó sì dámọ̀ràn pé kò tíì tó àkókò. Lẹ́yìn náà ni J. B. Loynes dé, ìmọ̀ràn tirẹ̀ ní 1957 ló la ọ̀nà fún òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 1958. Báńkì náà ṣí ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọdún 1959, owó tiwa sì jáde ní ọjọ́ náà: ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan àti pọ́n-ùn márùn-ún.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ wo òkè rẹ̀. “Federation of Nigeria” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀: 15 September 1958. Ọdún méjì ó lé díẹ̀ ló kù kí òmìnira dé. Síbẹ̀, kò sí orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lójú bébà náà. Odò àti igi ọ̀pẹ ni wọ́n yà síbẹ̀. Ó jọ mí lójú púpọ̀, nítorí ṣílè onírin tó jáde ní 1959 kan náà, orí Ọbabìnrin wà lára rẹ̀ rekete. Nínú àpò ẹnì kan ṣoṣo, owó onírin ń ké pé “ọba òyìnbó”, owó bébà ń sọ pé “ilẹ̀ wa”. Òyìnbó, Ọ̀gbẹ́ni R. P. Fenton, sì ni gómìnà báńkì náà títí di 1963, kí Alhaji Aliyu Mai-Bornu tó gba ipò náà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ bébà náà. Orúkọ Waterlow & Sons wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ di tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1961 ni De La Rue, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, gba iṣẹ́ owó títẹ̀ Waterlow mọ́ tirẹ̀. Ní 1963 ni ìjọba wa àti De La Rue yìí jọ dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé owó sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mint ní Victoria Island.

Nígbà tí owó àwòrán tuntun jáde ní 1967, ilé Báńkì Àpapọ̀ ti gba ipò odò àti ọ̀pẹ. Ọjọ́ orí owó yìí kò gùn. Ogun Bíáfíra ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, owó Nàìjíríà tó pọ̀ sì wà ní ìkáwọ́ àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n lè fi ra ohun ìjà ní òkè òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun pa owó dà. Àwòrán kò yí, àwọ̀ nìkan ló yí. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún aráàlú láti kó owó wọn wá sí báńkì. Tó bá di ọjọ́ 22 oṣù kìíní, owó àtijọ́ kò ná mọ́. Bíáfíra náà kò jókòó: kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé owó bébà tiwọn jáde, tí oòrùn ń yọ lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀pẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kò sí fóònù alágbèéká, rédíò kò sí ní gbogbo ilé, báńkì kò sí ní gbogbo ìlú. Ìdílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pè mí láti wá wo ohun tí wọ́n bá nínú àpótí ìyá wọn àgbà. Inú gèlè ni owó náà wà, pọ́n-ùn kan-kan ti “Federation of Nigeria”, wọ́n ká wọn jọ, wọ́n fi òwú dì í. Ìyá náà ń ṣòwò aṣọ ní Kumasi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà yẹn. Ó fi owó sínú àpótí ní ilé, ó tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ghana. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n pa owó dà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀, ó ní ṣebí òun ní nǹkan nílé. Ó délé, ó ṣí àpótí. Owó náà ti kú láti bí ọdún méjì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, arúgbó ni òun náà báyìí, béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ọmọ mi, ṣé báńkì kò tilẹ̀ lè fún wa ní díẹ̀ níbẹ̀?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Kò ná mọ́ láti 1968.” Wọ́n ní títí ìyá wọn fi kú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni jù ú nù.

Ní apá ibòmíràn, nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní 1970, owó Bíáfíra náà kú. Ohun tí àwọn tó kó owó sí báńkì níbẹ̀ ń rántí títí di òní ni ogún pọ́n-ùn: iye yòówù kí ẹ ní, £20 ni ẹ ó gbà. Mo ní pọ́n-ùn Bíáfíra mẹ́ta. Bí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbò bá wá sílé mi, á ṣí ìwé tí mo tò wọ́n sí dé ibẹ̀, á wò ó, á pa á dé. Kì í sọ nǹkan kan.

Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1973. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ kọmíṣánnà ìnáwó títí di 1971 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó sọ ọ́ ní orúkọ. Náírà kan jẹ́ ṣílè mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sì jẹ́ náírà kan. Àwọn ìyá wa ò wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń pè ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá di ṣílè kan. Bébà mẹ́rin ló kọ́kọ́ jáde: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan, náírà márùn-ún àti náírà mẹ́wàá. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn, ẹ ó rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́: àwọn agégẹdú, àwọn tó ń to àpò jọ, ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ. Kò sí orí ẹnikẹ́ni lójú wọn. Ọjọ́ 11 oṣù kejì, ọdún 1977 ni owó ogún náírà dé pẹ̀lú àwòrán Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní 1976, ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú ọmọ Nàìjíríà kan tí gbogbo ayé mọ̀ máa wà lára owó wa. Ìgboro gba orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: Múrí kan, Múrí méjì. Ní oṣù keje 1979, Herbert Macaulay bọ́ sórí náírà kan, Tafawa Balewa sórí náírà márùn-ún, Alvan Ikoku sórí náírà mẹ́wàá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ikú tún dé bá owó. Ìjọba Ọ̀gágun Buhari ní owó wa tó ń sá gba ẹ̀yìn ẹnubodè jáde ti pọ̀ jù. Wọ́n yí àwọ̀ gbogbo bébà padà, àfi ti àádọ́ta kọ́bọ̀, wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n sì fi ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ṣe ìparí. Ẹni tí owó rẹ̀ wà ní Kútọnu lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọdún pípẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kọ́ mi. Owó tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì kì í kù. Ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ó ń gbó, ó ń ya, títí yóò fi padà sí báńkì, tí báńkì á sì pa á run. Èyí tó ń dé ọwọ́ àwa olùkójọ, pàápàá èyí tó mọ́ tónítóní, owó tí kò rí ọ̀nà délé ni. Olówó rẹ̀ wà lájò, tàbí ó wà lójú ogun, tàbí ó wà lórí àìsàn, tàbí ó kàn tọ́jú u ju bó ṣe yẹ lọ. Bí bébà náà bá ṣe mọ́ tó ni iye tí olùkójọ máa san lé e á ṣe ga tó. Bẹ́ẹ̀ ni àdánù ẹnì kan ṣe di ọjà ẹlòmíràn. N kò sọ pé kí a má rà á. Ìdílé Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn tà fún mi, wọ́n fi owó náà tún sàréè ìyá wọn ṣe. Ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè ìtàn kí n tó béèrè iye. Lẹ́yìn bébà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé mi, mo kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi: ìlú tí wọ́n ti rí i, inú ohun tí wọ́n fi í sí, ìdí tí kò fi dé báńkì.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ. Ìgbà tí wọ́n ní 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ kò ní í ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023, tí wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, ta ni kò tò sórí ìlà nínú wa? A rí àgbàlagbà tó sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì, a rí ọlọ́jà tí tòmátì rẹ̀ jẹrà nítorí kò sí owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa ná títí di ìparí ọdún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kó máa ná lọ bẹ́ẹ̀, tòun ti tuntun. Nínú gbogbo owó bébà tí mo mọ ìtàn rẹ̀ nílẹ̀ yìí, òun nìkan ló kú tó jí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń tú ẹrù ilé bàbá yín, tí ẹ bá rí bébà àtijọ́ nínú Bíbélì, nínú Kùránì tàbí nínú gèlè, ẹ má jù ú síná. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́, ẹ má sì lẹ ibi tó ya pọ̀. Ẹ wo òkè rẹ̀, ẹ ó mọ orúkọ tí ilẹ̀ wa ń jẹ́ nígbà náà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, bóyá ẹ ó rí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ béèrè ta ló ni ín, àti ibi tí onítọ̀hún wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ní kí wọ́n kó o wá. Ẹ tètè béèrè o, nítorí ìtàn náà kì í pẹ́ nílé tó bébà.